Chuseok: Ọjọ́ Tí Ọ̀nà Ilé Ń Kún

Àwa àlejò tí Chuseok bá bá ní Kòríà, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ la sábà máa ń kọ́kọ́ rí. Kálukú ń lọ sílé. Ọdún ìkórè ni, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ nínú kàlẹ́ńdà òṣùpá. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ rẹ̀ fi ń yí lọ́dọọdún lórí fóònù wa.

Ibo ló ti ṣẹ̀ wá? Ìwé ìtàn Samguk Sagi, tí Kim Busik àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ parí ní 1145, sọ pé Ọba Yuri ti ilẹ̀ Silla pín àwọn obìnrin sí ọ̀nà méjì, ó fi ọmọbìnrin ọba ṣe olórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí oṣù kan ni wọ́n fi ń figa gbága nídìí aṣọ híhun. Tó bá di ọjọ́ yìí, ẹgbẹ́ tó fìdí rẹmi á filé pọntí, á fọ̀nà rokà fún àwọn tó borí.

Lónìí, àwọn ẹbí ń ro ojú oórì, wọ́n ń gbé oúnjẹ síwájú àwọn baba ńlá wọn, wọ́n sì ń jẹ songpyeon, ìyẹ̀fun ìrẹsì tí wọ́n fi ooru sè lórí ewé igi páìnì.

Àmọ́ ogun 1950 sí 1953 ya ọ̀pọ̀ ẹbí. Oórì bàbá àwọn kan wà ní Àríwá, ẹsẹ̀ wọn ò sì lè débẹ̀. Ní Imjingak, nítòsí ààlà, wọ́n mọ pẹpẹ kan ní 1985, Mangbaedan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọjú sí Àríwá, tí wọ́n ń foríbalẹ̀.

Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ tá à ń ráhùn sí yẹn, ó wu àwọn kan kí wọ́n há sínú ẹ̀.