Òṣùwọ̀n Méjì fún Orin Jùjú

Ìjàkadì ni a mọ Ọ̀fà mọ́. Ẹni tí kò sì mọ òfin ìjàkadì kò lè dá ẹjọ́ ẹni tó ṣubú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ orin rí.

Nílé, ojú kan àwo King Sunny Adé sábà máa ń jẹ́ orin kan tí kò já, fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Adájọ́ rẹ̀ ni oníjó, àti ẹni tí ó gbọ́ ohun tí gángan ń wí. Ní 1982, ọdún kan lẹ́yìn ikú Bob Marley, ìràwọ̀ wọn, ilé iṣẹ́ Island ní Lọ́ńdọ̀nù gbé Juju Music jáde. Orin méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí kò gùn bíi ti ilé, ni ó wà nínú rẹ̀.

Àwọn lámèyítọ́ òkèèrè kan sáárá sí i. Ìlù àti gìtá ni wọ́n ń yìn. Òwe àti oríkì gba ẹ̀bá etí wọn kọjá. Wọ́n yan Synchro System ti 1983 mọ́ àwọn tí ń du ẹ̀bùn Grammy. Stevie Wonder fọn hàmóníkà sí Aura ní 1984. Síbẹ̀, ọjà kò tà tó bí Island ti ń retí, àjọṣe náà sì parí.

Ṣé orin ni ó kùnà? Rárá o. Iye àwo tí a tà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Nílé, agbo àríyá Adé kò tú. Ìyìn àjèjì dùn, ṣùgbọ́n àwa tí a gbọ́ èdè ìlù ni ìdájọ́ ìlù tọ́ sí.