Okùn Tí Ojú Kò Rí: Ìtàn Ọkọ̀ Ìṣeré Tí A Ń Fi Rédíò Darí

Bí a bá dárúkọ ohun ìṣeré láàárín àwa Yorùbá, ọmọdé ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí. Bí àgbàlagbà kan bá gbé ọkọ̀ kékeré sílẹ̀ ní gbangba, tí ó di rìmóòtù mú lọ́wọ́, tí ọkọ̀ náà sì ń sáré síwá sẹ́yìn, àwọn ará ilé wa yóò bi ara wọn léèrè bóyá kò ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni. Ní Lanham tí a wà yìí, irú eré bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì. Ohun tí mo fẹ́ fi yé ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ni pé eré náà ní ìtàn, àti pé ìtàn náà kì í ṣe ti àwọn tí ó lówó láti ra nǹkan, bí kò ṣe ti àwọn tí ó tú nǹkan palẹ̀ láti mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Apá kan nínú ìtàn náà sì wáyé ní ìtòsí wa níhìn-ín ní Maryland, níbi tí púpọ̀ nínú wa ń gbà kọjá láì bojú wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Àwọn ọmọ wa ti ń ṣe ọkọ̀ kí wọ́n tó rí èyí tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀. Agolo mílíìkì tàbí ti sàdíìnì ni ara ọkọ̀; ìdérí ìgò, tàbí sálúbàtà rọ́bà tí ó ti já tí a gé roboto, ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọn a dá ihò sí iwájú agolo, wọn a so okùn mọ́ ọn, wọn a sì máa fà á kiri àdúgbò. Okùn yẹn ni gbogbo ọgbọ́n ìdarí. Ibi tí ọwọ́ bá fà á sí ni ọkọ̀ ń lọ. Bí okùn bá já, ọkọ̀ dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Rediffusion tí ó dé Èkó ní ọdún 1935. Wáyà ni ó ń gbé ohùn wọ inú àpótí tí ó wà nílé àwọn ènìyàn. Bí wáyà bá já, àpótí yadi. Lẹ́yìn náà ni rédíò tí kò lo wáyà tàn kálẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn baba wa ń pè é, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Ìbéèrè tí ìtàn wa dá lé ni èyí: báwo ni ènìyàn ṣe gé okùn náà kúrò, tí ọkọ̀ sì tún ń gbọ́ràn?

Nikola Tesla ni ó kọ́kọ́ fi èyí han gbogbo ayé. Ọmọ ẹ̀yà Serb ni. Ilẹ̀ tí a ń pè ní Croatia lónìí ni a ti bí i, ó sì dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1884, àjèjì bíi tiwa. Ní ọdún 1898, ní Madison Square Garden ní New York, ó gbé ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí a fi irin ṣe sórí omi níwájú èrò. Kò so okùn mọ́ ọn, kò sì fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ ọkọ̀ náà ń yà sọ́tùn-ún sósì bí ó ti fẹ́, iná orí rẹ̀ sì ń tàn, ó ń kú. Wọ́n ní àwọn kan nínú èrò ń sọ pé idán ni, àwọn mìíràn ní ọ̀bọ tí a ti kọ́ ni ó wà nínú rẹ̀. Kò sí ọ̀bọ kankan níbẹ̀. Ìgò kékeré kan tí ìyẹ̀fun irin wà nínú rẹ̀ ni. Bí ìgbì rédíò bá kàn án, ìyẹ̀fun náà á lẹ̀ mọ́ra, iná mànàmáná á sì rí ọ̀nà kọjá láti yí ẹ̀rọ ìdarí ní ìgbésẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, a óò yí ìgò náà padà kí ìyẹ̀fun tú ká, kí ó lè dúró de àṣẹ kejì. Ní ọjọ́ 8 oṣù November ọdún 1898 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 613,809. Àkọlé ìwé náà kò dúró lórí ọkọ̀ ojú omi nìkan. Ó dárúkọ ọkọ̀ orí ilẹ̀ pẹ̀lú. Tesla rò pé àwọn ológun ojú omi yóò sáré rà á. Wọn kò kà á kún nǹkan gidi.

Ọwọ́ àwọn tí ń ṣeré ni ọgbọ́n náà ti dàgbà. Ní ìpínlẹ̀ Michigan, ìbejì méjì kan wà tí orúkọ wọn ń jẹ́ Walter àti William Good. Walter mọ bí a ti ń fi igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bàálù ìṣeré. William ní tirẹ̀ jẹ́ ẹni tí ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí rédíò tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ tò. Àwa tí a mọ iyì ìbejì kò ní ṣàì rẹ́rìn-ín músẹ́: ọ̀kan ní ara, èkejì ní ohùn. Wọ́n pa ọgbọ́n pọ̀, ní ọdún 1937 bàálù wọn tí wọ́n sọ ní Guff sì fò, ó yí po, ó tún padà bọ̀ sí ọ̀dọ̀ wọn nípa àṣẹ rédíò. Guff ti di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọwọ́ Smithsonian. Ẹ sì wo ibi tí eré náà gbé Walter dé. Ó di òṣìṣẹ́ ní Applied Physics Laboratory ti Yunifásítì Johns Hopkins, níhìn-ín ní Maryland. Iṣẹ́ tí ó mú kí a dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1942 ni ti rédíò kékeré tí a ń fi sínú ọta ìbọn ńlá, kí ọta náà lè mọ ìgbà tí ó sún mọ́ ọkọ̀ òfúrufú ọ̀tá.

Ibi iṣẹ́ yẹn kan náà ni Maynard Hill ti ṣiṣẹ́. Ní oṣù August ọdún 2003, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 77, tí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, tí etí rẹ̀ sì ti di, ó ju bàálù kékeré kan sókè ní Newfoundland ní Kánádà. Bàálù náà kò wúwo tó kílò 5. Epo inú rẹ̀ kò tó gálọ́ọ̀nù kan. Lẹ́yìn wákàtí 38 àti ìṣẹ́jú 52, ó balẹ̀ ní etíkun Ireland. Rédíò ọwọ́ ni wọ́n fi gbé e sókè tí wọ́n sì fi sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré inú rẹ̀ ni ó tọ́ ọ sọ́nà lórí òkun. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni ó ti bómi lọ kí èyí tó dé. Ẹni tí kò bá lè gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ó tún bẹ̀rẹ̀ kò lè ṣe irú eré yìí.

Kí a tó dé orí ọkọ̀ ilẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó sọ eré àwọn ọlọ́gbọ́n díẹ̀ di ti gbogbo ènìyàn. Rédíò ayé ìgbà ìbejì Good ń lo gílóòbù gbígbóná tí ń fẹ́ bátìrì ńláńlá. Nígbà tí transistor jáde ní ọdún 1947, rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í kéré, kò sì pẹ́ tí ìdarí náà fi di pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ní àtijọ́, àṣẹ kò ju yà-sọ́tùn-ún-pátápátá tàbí yà-sósì-pátápátá lọ. Láàárín ọdún 1960 sí 1970 ni servo tí ń tẹ̀lé ọwọ́ ènìyàn wá gbilẹ̀. Ọgbọ́n rẹ̀ nìyí: nǹkan bí ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni a ń rán àmì sí i. Bí àmì náà bá gùn tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ẹsẹ̀ ọkọ̀ yà sí apá kan. Bí ó bá gùn tó ìdá méjì, ó yà sí apá kejì. Bí ó bá wà ní ìdá kan ààbọ̀, ọkọ̀ ń lọ tààrà. Gígùn àmì ni àṣẹ.

Ní ọdún 1966, ilé iṣẹ́ kan ní Ítálì tí a ń pè ní El-Gi gbé ọkọ̀ Ferrari kékeré jáde. Ẹni tí ó mú eré náà wọ ilé mẹ̀kúnnù ni Tamiya, ní ìlú Shizuoka ní Japan. Ilé ìlagi ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1946. Láti orí pákó ni wọ́n ti bọ́ sí ọkọ̀ ìṣeré onígi, kí wọ́n tó dé orí oníke. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe Porsche kékeré, wọ́n ra Porsche gidi, wọ́n sì tú u palẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí wọ́n lè mọ bí ó ti rí nínú. Ní ọdún 1976 ni Porsche 934 wọn tí ń lo bátìrì jáde, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ ìdá kan nínú 12 ti ọkọ̀ gidi. Ní ọdún 1979 wọ́n mú èyí tí ó lè sáré nínú iyanrìn jáde. Nígbà tí ó di ọdún 1984, Grasshopper wọn dé fún àwọn ọmọdé, RC10 ti ilé iṣẹ́ Associated Electrics ní California sì dé fún àwọn tí ń díje. Inú páálí ni gbogbo wọn ń bá wá, ní eyọ eyọ. Ẹni tí ó bá rà á ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó.

Ìwà ọmọlúàbí pàápàá wà nínú eré náà. Lórí ìlà 27 MHz tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lò nígbà náà, àyè mẹ́fà péré ni ó wà, a sì fi àwọ̀ ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Bí ẹni méjì bá tan rìmóòtù lórí àwọ̀ kan náà, ọkọ̀ ẹnì kan á máa gbọ́ ohùn ẹlòmíràn. Nítorí náà, kí o tó tan tìrẹ, o ní láti kọ́kọ́ kí àwọn tí o bá níbẹ̀, kí o sì béèrè. Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ni ìlà 2.4 GHz ti mú wàhálà yẹn kúrò, nítorí pé rìmóòtù àti ọkọ̀ rẹ̀ ń mọ ara wọn yàtọ̀. Rìmóòtù mìíràn tilẹ̀ ń gba ìròyìn padà lọ́dọ̀ ọkọ̀ nípa agbára tí ó kù nínú bátìrì. Asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń gba èsì báyìí.

Ọkọ̀ kan tí ó jìnnà gan-an kò sí lórí ilẹ̀ ayé. Ní ọjọ́ 17 oṣù November ọdún 1970, àwọn ará Soviet sọ Lunokhod 1 kalẹ̀ sínú òṣùpá. Ènìyàn márùn-ún ni ó jókòó sí ilẹ̀ Soviet tí wọ́n ń fi rédíò wà á. Ó rin nǹkan bíi kìlómítà 10 kí ohùn rẹ̀ tó dákẹ́ ní ọdún 1971, fún ogójì ọdún ó dín díẹ̀ sì ni ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí ó dúró sí gan-an. Ta ni ó rí i? Ní oṣù March ọdún 2010, a rí i nínú àwòrán tí ọkọ̀ òfuurufú LRO tí ń yí òṣùpá po yà. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, àwọn onímọ̀ tan ìmọ́lẹ̀ lésà sí ibẹ̀, dígí orí ọkọ̀ náà sì dá a padà. Goddard Space Flight Center ni ó ń ṣàkóso LRO, Goddard yìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1959 ní Greenbelt, tí ó bá Lanham pààlà. Ọkọ̀ ìṣeré tí ó sọnù sínú òṣùpá, àwọn aládùúgbò wa ni ó bá wa rí i.

Nísinsin yìí, bí ẹnì kan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Lanham, ilẹ̀ ni kí ó mú, kì í ṣe òkè. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù September ọdún 2001 ni ìjọba fi òfin líle de òfúrufú tí ó yí Washington ká, Lanham sì wà láàárín máìlì 15 tí a kò gbọ́dọ̀ ti fò bàálù ìṣeré tàbí drone láìgba àṣẹ pàtàkì lọ́wọ́ FAA. Ẹni tí ó níwèé àṣẹ ìgbé-ayé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ kò yẹ kí ó fi irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ọkọ̀ orí ilẹ̀ kò ní ìjọ̀ngbọ̀n yìí, bí a bá ti gba àyè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ibi tí a fẹ́ lò. Ẹ ra èyí tí ẹ óò fọwọ́ tò, kì í ṣe èyí tí a ti tò tán. Ẹ wádìí bóyá ẹ óò rí ẹ̀yà rẹ̀ rà nígbà tí nǹkan bá kán, nítorí pé yóò kán. Ẹ bọ̀wọ̀ fún bátìrì líthíọ́ọ̀mù: ẹ má ṣe fi í sórí iná kí ẹ sùn lọ, nítorí ó lè gbiná. Bí ẹ bá sì ń gbé e lọ sílé, bátìrì tí kò sí nínú ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹrù tí ẹ óò fún wọn ní pápákọ̀ òfúrufú. Báàgì ọwọ́ ni àyè rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ìwé ni a wá kà. Òtítọ́ ni, eré tí ń jẹ owó sì ni eré yìí. Ẹni tí kò bá tíì san owó ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí èyí. Ọmọ tí ó so okùn mọ́ agolo ní Ìbàdàn ti mọ ohun kan nípa ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti ìdarí tí ọmọ tí a ra ọkọ̀ tuntun fún kò mọ̀. Àwọn atúnrédíòṣe tí wọ́n ń jó òjé mọ́ wáyà lábẹ́ àtíbàbà nílé wa mọ inú rédíò ju àwa tí a ní ìwé ẹ̀rí lọ. A kò ṣaláìní ọgbọ́n. Ohun tí a ń ṣe ni pé, bí ọmọ bá ti dàgbà díẹ̀, a óò gba agolo lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ó lọ kàwé, bí ẹni pé ọ̀kan ni ọ̀tá èkejì. Ìbejì Good kò mọ̀ wọ́n sí ọ̀tá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Shizuoka.

Àwọn ọmọ tí a ń bí sí Lanham yìí kò ní agolo oníokùn. Ohun tí ó bá jáde láti inú páálí ni wọ́n mọ̀, bí ó bá sì bàjẹ́, inú ìdọ̀tí ni. Bí ó bá jẹ́ pé a lè jókòó tì wọ́n ní ọjọ́ Sátidé kan, kí a tú ọkọ̀ kékeré kan, kí a sì tún un tò, a óò ti fún wọn ní ohun tí a kò lè rà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀, kí àwọn tí ń kọjá lọ máa bi ara wọn léèrè.