Ìkọ́ Apá Díìsìkì Kọ̀ǹpútà

Ìkọ́ apá ni irin tàbí ike kékeré tó ń di apá díìsìkì mú nígbà tí kò bá ṣiṣẹ́. Ṣóńṣó apá yìí ló ń ka ìsọfúnni lára díìsìkì. Bí díìsìkì bá ń yí, afẹ́fẹ́ tín-ín-rín ni kì í jẹ́ kí ṣóńṣó náà fara kàn án. Bí iná bá lọ lójijì, yíyí tó ṣẹ́kù lára díìsìkì ló ń pèsè iná díẹ̀ tó ń dá apá padà sí ibi ìsinmi rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìkọ́ ti ń gbà á mú. Oríṣiríṣi ìkọ́ ló wà. Òòfà ni àwọn kan ń lò. Atẹ́gùn tí díìsìkì ń fẹ́ bó ṣe ń yí ló ń ṣí òmíràn. Èyí tó wúlò fún kọ̀ǹpútà àgbéká ni èyí tí ìgbọ̀nrìrì ń tì: bí kọ̀ǹpútà bá já bọ́, ìkọ́ á yí, á há apá mọ́ àyè rẹ̀, kó má baà họ ojú díìsìkì.