Orin Ojúde àti Orin Inú Ilé: Ìtàn Kíláàbù Orin ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ní Òde-Ayé, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní àwọn ìlú Yorùbá yòókù, ẹnikẹ́ni kì í sanwó ní ayé àtijọ́ kí ó tó gbọ́ orin. Bí ọmọ bá fẹ́ sìnkú bàbá rẹ̀, tàbí bí ẹnì kan bá jẹ oyè, olúwarẹ̀ ni yóò ránṣẹ́ pe àwọn onílù àti àwọn akọrin wá sí ojúde rẹ̀. Òun ni yóò bọ́ wọn, òun ni yóò fún wọn ní ọtí, òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ ni yóò sì máa lẹ owó mọ́ wọn níwájú orí. Èrò ìwòran a máa tẹ̀lé wọn láti agbo dé agbo, ẹnikẹ́ni kì í sì í bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n mú wá. Nínú irú agbo bẹ́ẹ̀ ni aṣíkò Ìkálẹ̀ ti gbilẹ̀, èyí tí Comfort Omoge gbé dé inú àwo, tí àwọn tí kò gbọ́ ẹ̀ka èdè Ìkálẹ̀ rárá fi mọ adùn rẹ̀.

Ètò yìí ní ọlá tirẹ̀, ṣùgbọ́n okùn wà nínú rẹ̀. Akọrin kò lè jẹ oúnjẹ olóde tán kí ó tún fi àléébù olóde kọrin lójú àlejò. Oríkì olóde ni yóò kì, orúkọ àwọn baba rẹ̀ ni yóò máa pè, títí orí olóde yóò fi wú tí ọwọ́ rẹ̀ yóò sì wọ àpò. Èyí kò wí pé àwọn olórin ayé àtijọ́ kò mọ̀ ju ìpọ́nni lọ. Ní Kétu àti ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, Ẹ̀fẹ̀ a máa jáde ní òru ní ìgbà ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, a sì máa tú àṣírí àwọn ọ̀bàyéjẹ́ láìbẹ̀rù. Ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ Òkèbàdàn, ẹnu kì í ní ìjánu. Ṣùgbọ́n ọdún ni a ń retí kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Bí ọdún bá ti kọjá, olórin a padà sí ojúde olówó.

Kíláàbù ni ó yí ètò náà padà, ìyípadà yìí sì jinlẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Àwọn ènìyàn sábà máa ń wí pé ohun tí ó jẹ́ tuntun nínú kíláàbù ni gìtá oníná, fèrè Òyìnbó, ọtí inú ìgò àti iná aláràbarà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwọ̀nyí kọ́ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Gbòǹgbò rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ yí padà: kì í ṣe olórin ni ó ń lọ bá olùgbọ́ mọ́, olùgbọ́ ni ó ń lọ bá olórin. Owó náà sì yí padà. Nígbà tí igba ènìyàn bá san owó díẹ̀ díẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó lè wí pé òun ni ó ni òde.

Lẹ́yìn ogun Hítílà, tí ó parí ní 1945, ni irú ilé bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ ní Èkó. Bobby Benson, ọmọ Ìkòròdú tí a bí ní 1922, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi gìtá oníná hàn fún àwọn ará Èkó. Òun ni ó sì ni Caban Bamboo, ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú. Victor Olaiya, tí ó ti bá Bobby Benson ṣiṣẹ́ rí, wá ní Stadium Hotel tirẹ̀ ní Sùúrùlérè. Ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ Eddy Okonta ni àwọn ènìyàn ń lọ gbọ́ ní Paradise Club. Àwọn akọ̀wé ìjọba, àwọn olùkọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtajà Òyìnbó àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń lọ. Àmọ́ ṣá, ijó ni ọba níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mú aya tàbí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá kò wá gbọ́ ìwàásù, olórin sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ olóde, ṣùgbọ́n ó ti di ẹrú ẹsẹ̀ àwọn oníjó.

Fẹlá, ọmọ Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, jìyà èyí. A bí i ní 1938. Ó ti bá ẹgbẹ́ Cool Cats ti Victor Olaiya kọrin kí ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1958 láti kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Trinity College of Music. Nígbà tí ó padà dé ní 1963, tí ó sì tún ẹgbẹ́ Koola Lobitos tò, orin tí ó ń lù kún fún ọgbọ́n jáàsì tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó wá jó fi ń dúró wò ó. Ní 1966 ni Geraldo Pino wọ Èkó pẹ̀lú orin sóòlù James Brown, kíá ni ọ̀pọ̀ èrò sì yí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é fojú fò, nítorí pé agbára tí èrò ìwòran ayé àtijọ́ kò ní ni ó hàn níbẹ̀: àwọn tí ó sanwó lè má padà wá mọ́. Kíláàbù Kakadu ní Yábà, tí Fẹlá ń lò, ni ó wá sọ ní Afro-Spot. Ní 1969 ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì pàdé Sandra Izsadore ní Los Angeles, ẹni tí ó là á lójú nípa ìjàkadì àwọn ènìyàn dúdú. Ẹni tí ó padà dé ní 1970 kì í ṣe ẹni tí ó lọ mọ́.

Láti Afro-Spot ni ó ti kó lọ sí Empire Hotel ní Ìdí-Òrò, ní Mùṣín, ilé tí ó kọjú sí èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé ní ojú ọ̀nà Agége. Ibẹ̀ ni ó sọ ní Afrika Shrine. Orúkọ náà bí àwọn onígbàgbọ́ nínú, bóyá ohun tí ó sì fẹ́ gan-an nìyẹn.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí bí nǹkan ti ń lọ níbẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó gbọ́ Fẹlá nínú àwo nìkan kò mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ní orin tuntun, kì í kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ àwo. Inú Shrine ni yóò ti máa lù ú ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, fún oṣù púpọ̀ nígbà mìíràn. Yóò yí ohùn fèrè padà, yóò dá ìlù dúró, yóò fi ọ̀rọ̀ kún un, yóò yọ ọ̀rọ̀ kúrò. Àwọn èrò ń dá a lóhùn, òun náà ń dá wọn lóhùn, ìdáhùn wọn sì ń wọ inú orin. Nígbà tí orin bá gbó tán ni yóò tó tẹ̀ ẹ́ sí àwo. Bí ó bá sì ti tẹ̀ ẹ́ tán, ó parí. Kì í lù ú mọ́ lórí pèpéle. Ẹni tí ó bá ti ọ̀nà jíjìn wá sí Shrine láti gbọ́ orin tí ó ti ń gbọ́ nínú rédíò yóò padà sílé láìgbọ́ ọ. Ní ọdún tí “Zombie” ń ru àwọn ọ̀dọ́ sókè ní Òde-Ayé àti ní Òkìtìpupa gẹ́gẹ́ bí orin tuntun, orin àná ni ó ti jẹ́ fún àwọn tí ń wọ Shrine.

Bí a bá fi èyí wé ti ìlú Òyìnbó, ìyàtọ̀ náà yóò yé wa sí i. Ní Liverpool, nínú ilé abẹ́ ilẹ̀ kan tí a ń pè ní Cavern Club, àwọn Beatles lu orin ní ìgbà tí ó súnmọ́ 300 láàárín 1961 àti 1963. Àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ ni ó ń tẹ̀lé wọn síbẹ̀, lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ti kúrò ní ibi iṣẹ́ láti jẹun ọ̀sán. Ní October 1962 ni àwo “Love Me Do” jáde. Kò tó ọdún kan sí ìgbà náà tí wọ́n fi kúrò ní Cavern, wọn kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Níhìn-ín, àwo ni ó gba olórin lọ́wọ́ àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ̀lé e. Ní Ìdí-Òrò, olórin kọ̀ fún àwo kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dùn mọ́ni pé Paul McCartney, ọ̀kan nínú àwọn Beatles wọ̀nyí, wá sí Èkó ní 1973 láti tẹ àwo kan, ó sì lọ sí Shrine. Fẹlá fi ẹ̀sùn kàn án pé ó fẹ́ wá jí orin àwọn ènìyàn dúdú kó. McCartney ní láti jẹ́ kí ó gbọ́ ohun tí òun tẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀.

Ní àkókò kan náà, àwọn ọ̀dọ́ wà ní Èkó tí ń lu orin rọ́ọ̀kì pẹ̀lú gìtá líle, tí orin wọn kò sì kéré rárá. Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn sọ ẹgbẹ́ wọn ní BLO. Àwo wọn àkọ́kọ́, “Chapter One”, jáde ní 1973. Joni Haastrup ní MonoMono. Àwọn Ofege tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ St. Gregory's nígbà tí wọ́n tẹ àwo tiwọn. Gbogbo wọn ní olùfẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò ní ilé. Òde ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń lu orin, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ àwo ni ẹ̀mí wọn sì wà. Nígbà tí ojú ọjà yí sí ọ̀nà mìíràn, wọ́n túká. Laolu Akins di ẹni tí ń bá àwọn ẹlòmíràn ṣe àwo. Òun ni ó wà lẹ́yìn “Ace” tí Shina Peters gbé jáde ní 1989. Ó jọ pé ohun tí ó pa rọ́ọ̀kì Èkó kì í ṣe àìní ọgbọ́n tàbí àìní olùgbọ́, bí kò ṣe àìní ibi tí olùgbọ́ yóò máa wá ní gbogbo ọ̀sẹ̀.

A kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé ilé mímọ́ ni Shrine. Igbó mímu kò fara sin níbẹ̀, àwọn òbí ń bẹ̀rù kí ọmọ wọn má bàa sá lọ síbẹ̀, ọlọ́pàá kò sì jẹ́ kí ibẹ̀ sinmi. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bí ìjọba ológun nínú ju igbó lọ ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ̀fẹ̀ tí ó yẹ kí ó dúró de ọdún ń jáde ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ní oṣù January àti February 1977, nígbà tí a ń ṣe àjọ̀dún FESTAC ní Èkó, Fẹlá kọ̀ láti bá wọn kópa, àwọn àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè sì ń ya sí Shrine láti gbọ́ ohun tí ó ń wí. FESTAC parí ní ọjọ́ 12 oṣù February. Ní ọjọ́ 18 oṣù kan náà, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún sójà ya bo ilé rẹ̀, wọ́n lù ú, wọ́n lu àwọn tí ó wà níbẹ̀, wọ́n sì dáná sun ilé náà. Wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé sílẹ̀. Ó kú ní April 1978. Ìgbìmọ̀ ìwádìí wí pé sójà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni ó ṣe é. Shrine ti Ìdí-Òrò sì di ohun ìgbàgbé. Kò sí òfin tí ó de àwo rẹ̀ tí ó dùn ún tó bí wọ́n ti gba ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé àwo lè máa rìn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n olórin tí kò ní ilé yóò tún padà sí ojúde.

Ìkẹjà, ní òpópónà Pepple, ni ó wá tún Shrine dá sí. Níbẹ̀ ni àwọn òru rẹ̀ ti ní orúkọ. Òru Friday ni Yabis Night, tí yóò fi àwọn alágbára ṣe yẹ̀yẹ́, tí èrò yóò sì máa ràn án lọ́wọ́. Òru Saturday ni ó ń bọ àwọn baba ńlá níwájú pẹpẹ, tí àwòrán Kwame Nkrumah sì wà lára ohun tí a ń rí níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Buhari sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní 1984, ọmọ rẹ̀ Fẹ́mi ni ó ń darí ẹgbẹ́ títí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ní 1986.

Àwo tuntun rẹ̀ ìgbẹ̀yìn, “Underground System”, jáde ní 1992. Ọdún márùn-ún ni ó tún lò láyé lẹ́yìn èyí, kò sì dákẹ́. Ó ń lu “Chop and Clean Mouth Like Nothing Happened”, ó ń lu “Condom, Scallywag and Scatter”, ó ń lu “Bamaiyi” àti àwọn mìíràn, wọn kò sì di àwo títí ó fi kú ní ọjọ́ 2 oṣù August 1997. Nítorí náà, akọ̀wé ìtàn tí ó bá jókòó ti àwo nìkan yóò kọ̀wé pé Fẹlá ti dákẹ́ ní ìgbà ìjọba Abacha. Àwọn tí ń san owó ẹnu ọ̀nà ní òpópónà Pepple mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú wọn fi ẹ̀rọ kékeré gba ohùn rẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì, ohùn náà kò sì já gaara. Àwọn yòókù ti ń dàgbà, àwọn mìíràn ti kú. Iṣẹ́ kíkó ìrántí wọn jọ kò le ju kíkó oríkì jọ lọ, a kò sì tíì ṣe é tó.

Fẹ́mi àti Yẹni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, kọ́ New Afrika Shrine sí Agídíngbì, ní Ìkẹjà, ó sì ṣí ní 2000. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Egypt 80 fúnra rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ Ṣeun, àbúrò wọn, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14 nígbà tí bàbá wọn kú. Láti kékeré ni ó ti ń kọrin lórí pèpéle ní òpópónà Pepple kí bàbá rẹ̀ tó jáde, tí ó sì ń gbọ́ àwọn orin tí kò sí nínú àwo kankan. Títí di òní, orin bàbá rẹ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lù kí ó tó lu tirẹ̀.