Adéṣẹ́wà Ògúndé àti Ọ̀ràn Obìnrin Lórí Ìtàgé

Bí a bá ń sọ ìtàn eré orí ìtàgé òde òní nílẹ̀ Yorùbá, Hubert Ògúndé ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe. Obìnrin kan wà tí a kò gbọdọ̀ yọ sílẹ̀ nínú ìtàn náà: Clementina Oguntimirin, tí àwọn èrò ìwòran wá mọ̀ sí Adéṣẹ́wà Ògúndé, Màmá Èkó.

Láyé eégún aláré, ọkùnrin abẹ́ ẹ̀kú ló ń sín obìnrin jẹ lójú agbo. Ògúndé fẹ́ yí èyí padà. Lẹ́yìn eré tó kọ́kọ́ ṣe fún ìjọ ní Èkó lọ́dún 1944, ó pinnu láti fi eré ṣe iṣẹ́ òòjọ́, ó sì kéde pé òun ń wá obìnrin tí òun yóò máa sanwó fún. Wọn kò dáhùn. Lójú àwọn òbí ìgbà náà, ọmọbìnrin tó ń jó níwájú èrò kò yàtọ̀ sí aṣẹ́wó. Ìgbà tí ó pààrọ̀ ìkéde náà sí iṣẹ́ akọ̀wé ni wọ́n tó yọjú.

Clementina kò wo ẹnu ayé. Ní 1947, òun àti Ògúndé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì kọ́ ijó Òyìnbó níbẹ̀. Ó di aya Ògúndé, gẹ́gẹ́ bí àwọn òṣèrébìnrin mìíràn nínú ẹgbẹ́ náà ti dì í. Ìgbéyàwó yìí pa ẹlẹ́gàn lẹ́nu mọ́, nítorí pé aya ilé kì í ṣe aṣẹ́wó. Kò sì jẹ́ kí ọkọ mìíràn gbà wọ́n kúrò nídìí eré. Síbẹ̀, ohun tó fún obìnrin ní ààyè náà ló so iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ orúkọ ọkọ.

Lọ́dún 1970, ìjàm̀bá ọkọ̀ gba ẹ̀mí Adéṣẹ́wà nígbà tí wọ́n ń lọ ṣeré ní Iléṣà. Kò rí sinimá Ayé, tó jáde ní 1979, tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ náà kópa nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí òun bá wọn là ni wọ́n tọ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń dáhùn ìbéèrè lórí Ògúndé, kí ó má ṣe ka àwọn aya rẹ̀ sí ọ̀ràn inú ilé lásán. Àwọn ni òpó tó gbé ẹgbẹ́ náà dúró.