Ta Ló Ń Díye Lé Ilé Wa?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Port Harcourt, mo fẹ́ kí a rántí ọdún 1929. Ní Oloko, nílẹ̀ Ìgbò, Okugo, olóyè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn lé ará ìlú lórí, rán ènìyàn láti ka ará ilé àti ẹran ọ̀sìn. Nwanyeruwa kọ̀, àwọn obìnrin rò pé owó orí ló ń bọ̀, wọ́n dìde. Rògbòdìyàn náà tàn dé Opobo. Ìbọn ìjọba pa obìnrin tó lé ní 50.

Lónìí, òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fi dídíye lé ilé fún owó orí sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. A kì í dìbò yan ẹni tó ń díye. Alága àti káńsẹ́lọ̀ là ń yàn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí onílé àti ayálégbé jáde lọ́jọ́ ìbò.