Ìtàn Ṣíìpù Kékeré Tí Ń Fi Agbára Díẹ̀ Ránṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí jẹ mọ́ ohun kan tí kì í sábà tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ṣùgbọ́n tí ó ti yí ìgbésí ayé àwọn tí ń gbé ẹ̀rọ kiri padà. Ohun náà ni ṣíìpù tí ń gba ọ̀rọ̀ wọlé, tí ó sì ń fi ọ̀rọ̀ jáde, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láìjẹ́ pé ó jẹ iná bátìrì tán. Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ni èyí kan ará Upenmen, ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ, tí oko àti òwò ń jẹ lọ́kàn? Ìdáhùn mi ni pé ó kàn án ju ọ̀pọ̀ ará ìlú ńlá lọ. Ibi tí iná mànàmáná kì í ti í dúró pẹ́ ni a ti ń mọ iyì ìwọ̀nba agbára tí ó wà nínú bátìrì.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí à ń pè ní ìfiránṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ kan lè gbà bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀. Ó lè kó gbogbo ẹyọ ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí wáyà púpọ̀, ó sì lè tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn lórí wáyà kan. Ọ̀nà kejì yìí kò ṣàjèjì sí wa. Onílù tí ń fi dùndún sọ̀rọ̀ kì í lu gbogbo ohùn gbólóhùn pọ̀ lójú kan; ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè ni wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn, etí olùgbọ́ a sì tò wọ́n di ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà ń ṣe, àfi pé ohùn méjì péré ni tirẹ̀ ní: ení àti òdo.

Tẹligiráàfù ni ó kọ́kọ́ fi ọ̀nà yìí rin ìrìn àjò jíjìn lórí wáyà. Ní ọdún 1844 ni Samuel Morse fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láti Washington sí Baltimore ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1886, wáyà abẹ́ òkun ti ilé-iṣẹ́ African Direct Telegraph Company dé Èkó, ó sì so ìlú náà pọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Láti ìgbà náà ni ìròyìn tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé láàárín àkókò kúkúrú.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ó di dandan kí a fi òfin lélẹ̀ nípa bí ẹ̀rọ méjì yóò ṣe gbọ́ ara wọn yé. Ní ọdún 1960, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ẹlẹ́tíróníkì ní Amẹ́ríkà gbé òfin kan jáde tí wọ́n pè ní RS-232; ní ọdún 1969 ni wọ́n tún un ṣe, tí ó sì di RS-232-C. Òfin náà wí pé kí agbára tí ó wà láàárín fóltì 3 sí 15 lókè òdo dúró fún òdo, kí èyí tí ó wà láàárín fóltì 3 sí 15 nísàlẹ̀ òdo sì dúró fún ení. Ohun tí ó bá bọ́ sí àárín méjèèjì, a kò kà á sí ọ̀rọ̀. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, nítorí pé ariwo iná máa ń kó wọ inú wáyà gígùn. Bí àlàfo bá wà láàárín bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́, ariwo kékeré kò ní lè sọ ọ̀kan di èkejì.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí ní ìnira tirẹ̀. Fóltì 5 péré ni ọ̀pọ̀ ṣíìpù inú kọ̀ǹpútà ń lò nígbà náà. Láti pa òfin RS-232 mọ́, àwọn tí ń kan ẹ̀rọ ní láti lo ṣíìpù mìíràn, irú bíi 1488 tí Motorola ṣe, èyí tí wọ́n sábà máa ń fún ní fóltì 12 lókè òdo àti fóltì 12 nísàlẹ̀ òdo. Orísun iná mẹ́ta ni ẹ̀rọ kan ṣoṣo wá nílò. Kò ṣòro fún ẹ̀rọ tí a gbé ka orí tábìlì, tí a kì bọ iná ògiri. Ẹrù wúwo ni fún ẹ̀rọ tí ènìyàn fẹ́ gbé lọ́wọ́.

Ilé-iṣẹ́ Maxim, tí a dá sílẹ̀ ní Kalifọ́níà ní ọdún 1983, ni ó wá ojútùú kan tí ó gbajúmọ̀ sí i. Ní ọdún 1987 ni wọ́n gbé ṣíìpù MAX232 jáde. Fóltì 5 nìkan ni a ń fún un. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe èyí tí ó kù. Báwo ni? Kàpásítọ̀ mẹ́rin kéékèèké ni a so mọ́ ọn lára, kàpásítọ̀ sì dà bí agbè tí a fi ń tọ́jú omi. Ṣíìpù náà yóò kọ́kọ́ rọ iná kún agbè kan láti orísun fóltì 5, lẹ́yìn èyí ni yóò gbé agbè náà lé orí orísun kan náà, tí 5 àti 5 yóò fi di nǹkan bí 10. Yóò tún rọ 10 náà sínú agbè mìíràn, yóò sì dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ó lè rí 10 ti ìsàlẹ̀ òdo. Ó ń ṣe èyí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Báyìí ni orísun iná mẹ́ta ṣe di ẹyọ kan.

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Àwọn ṣíìpù tí ó tẹ̀lé e, irú bíi MAX3232, lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú fóltì 3. Àwọn mìíràn, irú bíi MAX3221, tún kọ́ bí a ti ń sùn: bí wọn kò bá rí ẹ̀rọ kankan ní òdìkejì wáyà, wọn a pa ara wọn, wọn a sì jí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ká ní bátìrì kan lè pèsè mílíáńpíà 2,000 fún wákàtí kan. Ṣíìpù MAX232 tí kò ṣe iṣẹ́ kankan ń jẹ nǹkan bíi mílíáńpíà 5. Òun nìkan yóò jẹ bátìrì náà tán ní wákàtí 400, èyí tí kò pé ọjọ́ 17. Èyí tí ó bá sùn ń jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú 1,000 mílíáńpíà kan. Bátìrì náà yóò ti kú fúnra rẹ̀ kí irú ṣíìpù bẹ́ẹ̀ tó jẹ ẹ́ tán.

Ẹlòmíràn yóò wí pé òfin RS-232 ti di ohun àtijọ́, níwọ̀n ìgbà tí USB ti dé ní ọdún 1996 tí ó sì gba ipò rẹ̀ lára kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìfiránṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ ni USB fúnra rẹ̀. Ẹ̀rí tí ó súnmọ́ wa jù lọ sì wà nínú àpò ẹ̀wù wa: káàdì SIM. Ilé-iṣẹ́ Giesecke & Devrient ní Jámánì ni ó ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1991, fún ilé-iṣẹ́ Radiolinja ní Fínlándì. Ojú kan ṣoṣo lára káàdì náà ni ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni ó ń gbà jáde. Bí fóònù bá ń sọ̀rọ̀, káàdì a gbọ́, bí káàdì bá ń fèsì, fóònù a dákẹ́. Fóltì 5 ni àwọn káàdì ìṣáájú ń lò. Lẹ́yìn náà ni ó di 3, tí ó sì tún di 1.8. Bí gbogbo nǹkan mìíràn bá dọ́gba, iṣẹ́ tí a fi fóltì 1.8 ṣe ń gba nǹkan bí ìdá kan péré nínú mẹ́jọ agbára tí fóltì 5 ń gbà.

Ìgbà wo ni ọgbọ́n yìí dé ọ̀dọ̀ wa? Ilé-iṣẹ́ NITEL, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1985, kò lè pín tẹlifóònù káàkiri. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún ń parí lọ, tẹlifóònù tí ó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò tó 500,000. Ní oṣù kìíní ọdún 2001 ni a ta ìwé àṣẹ GSM ní gbàǹjo, ní mílíọ̀nù 285 dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí Glo dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ènìyàn ni ó rántí owó ìpè tí ó wálẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ó kíyèsí agbára tí ó wálẹ̀ pẹ̀lú. Ká ní fóònù ń jẹ iná bí ẹ̀rọ ọdún 1980 ti ń jẹ ẹ́ ni, ta ni ì bá lè lò ó ní ìlú tí ó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ onílé-ìtajà tí ó ní jẹnẹrétọ̀ ni a ti ń sanwó gba iná sí i?

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé kàn wá gan-an nìyí. Àwọn tí ó ṣe ṣíìpù wọ̀nyí kò ronú nípa Upenmen. Ẹ̀rọ tí ó fúyẹ́ fún àwọn oníbàárà wọn ni wọ́n ń wá. Àǹfààní tí ó kàn wá, èèṣì ni. Èèṣì kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀lé. Bí ọjà àwọn tí ó ní iná tó bá bèèrè ẹ̀rọ tí ń jẹ iná púpọ̀, òun náà ni wọn yóò ṣe, òun náà ni a ó sì rà, àfi tí a bá ní àwọn ọmọ tí ó mọ ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ, tí wọ́n lè tún un ṣe, tí wọ́n sì lè ṣe èyí tí ó bá ilẹ̀ wa mu.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, fóònù tí ó ti bàjẹ́ kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ tú u níwájú àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ojú ara káàdì SIM, kí wọ́n ṣírò ọjọ́ tí bátìrì yóò lò, kí wọ́n sì béèrè ìdí tí 5 fi di 1.8. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Rufus Giwa Polytechnic ní Ọ̀wọ̀ àti ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, iṣẹ́ tí ó kù nínú ìtàn yìí, ọwọ́ yín ni ó wà.